Ṣé Èèyàn Lè Fi Eré Kíkọ Jẹun Láì Kúrò ní Ìkọ̀lé?

Ìbéèrè tó wọlé rèé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà ni mí ní Ìkọ̀lé-Èkìtì, mo sì ń kọ eré Yorùbá. Mo ti kọ fún ṣọ́ọ̀ṣì wa, mo ti kọ fún àjọ̀dún iléèwé, rédíò kan náà sì ti lo eré mi lẹ́ẹ̀kan, wọ́n dárúkọ mi lórí afẹ́fẹ́ ṣùgbọ́n wọn ò fún mi ní kọ́bọ̀. Ṣé mo lè sọ ọ́ di iṣẹ́ gidi láìjẹ́ pé mo kó lọ sí Èkó? Ṣé orí ìtàgé ni kí n gbájú mọ́ ni àbí rédíò? Ṣé kí n sì máa fi Èkìtì kọ ọ́ àbí Yorùbá tí gbogbo èèyàn ń sọ?"

Àbúrò, o kú iṣẹ́ náà. Màá dáhùn gbogbo ẹ̀ ṣùgbọ́n kò ní tò bó o ṣe tò ó o, torí ọ̀kan wọnú ìkejì.

Jẹ́ ká ti orí owó bẹ̀rẹ̀ torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. O lè fi ṣe iṣẹ́, o ò sì nílò Èkó. Àmọ́ nínú gbogbo àwọn àgbà tíátà Yorùbá tí mo mọ ìtàn wọn, mi ò tíì rí ẹyọ ẹnì kan tó jẹun látinú owó ìwé eré nìkan. Gbogbo wọn ló ní nǹkan míì lọ́wọ́ tí ìwé eré yẹn jókòó lé. Ẹlòmíì ní ẹgbẹ́ eré tiẹ̀, ẹlòmíì ní àga nílé iṣẹ́ rédíò, ẹlòmíì ń kọ́ àwọn ọmọ ní yunifásítì, ẹlòmíì ní ìwé tí wọ́n ń kà níléèwé. Ohun tó yẹ kó o kọ́kọ́ pinnu nìyẹn, kí lo fẹ́ ní lọ́wọ́? Tó o bá ti mọ ìyẹn, ọ̀rọ̀ ìtàgé àbí rédíò á fẹ́rẹ̀ẹ́ dáhùn ara ẹ̀.

Ọmọ Èkìtì ni ẹ́, jẹ́ n fi ọmọ Èkìtì ṣe àpẹẹrẹ. Kọ́lá Ògúnmọ́lá, Òkèmẹ̀sí ni wọ́n bí i sí ní 1925, tíṣà sì ni bíi tìẹ gan-an. Ní nǹkan bí 1947 ló dá ẹgbẹ́ eré tiẹ̀ sílẹ̀, ó ń kọ orin, ó ń ṣe eré, ó ń gbé e kiri, kì í ṣe Èkó ló fi ṣe ibùjókòó, Òṣogbo ló padà fi ṣe é. Nígbà tó fi máa di ọdún 1962 sí 1963, Yunifásítì Ìbàdàn gbà á sọ́dọ̀ fún oṣù díẹ̀ kó lè kọ́ ìmọ̀ ìtàgé sí i, ibẹ̀ ló ti gbé Lánke Ọ̀mu jáde, èyí tí wọ́n mú látinú ìwé Amos Tutùọlá, tí Demas Nwoko ṣe gbogbo àwòrán àti aṣọ ẹ̀. Eré yẹn ló gbé orúkọ ẹ̀ dé ibi tí kò dé tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n wò ó dáadáa: kí Yunifásítì tó mọ̀ ọ́n, ó ti ní ẹgbẹ́ lọ́wọ́ bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹgbẹ́ yẹn ni wọ́n rí, kì í ṣe bébà.

Hubert Ògúndé tiẹ̀ tún hàn kedere jù. Ọlọ́pàá ni. Ní 1944 ló ṣe eré àkọ́kọ́ fún ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà ní Glover Hall l'Ékòó, èrò pọ̀ dé ibi pé nígbà tó fi máa di 1945 ó ti fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ ó ti dá ilé iṣẹ́ eré tiẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo nǹkan ló ní fúnra ẹ̀, mọ́tò, ìlù, fèrè, aṣọ, kódà àwọn obìnrin tó ń bá a ṣeré, ó fẹ́ wọn níyàwó kí ẹgbẹ́ má bàa tú, (ìyẹn ò sí nínú ìmọ̀ràn mi o). Èrè ohun-ìní yẹn hàn ní 1964 nígbà tó ṣe Yorùbá Ronú tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bínú tí wọ́n fòfin dè é pé kò gbọdọ̀ ṣeré mọ́ ní gbogbo agbègbè wọn. Ká ní òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ó parí nìyẹn. Àmọ́ torí pé òun ló ni mọ́tò òun ló ni ẹgbẹ́, ó kọjú sí ibòmíì, ó tún fi eré míì tó pè ní Òtítọ́ Korò dá wọn lóhùn, ó ń bá iṣẹ́ lọ títí ìjọba ológun fi gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin yẹn ní 1966. Nǹkan tó o bá ní lọ́wọ́ ló máa sọ iye òtítọ́ tó o lè kọ. Má gbàgbé ìyẹn tó bá yá tí ẹnì kan bá ń fi iṣẹ́ olówó oṣù lọ̀ ẹ́.

Ẹ̀gbẹ́ kejì ni àwọn tó jókòó ti rédíò. Rédíò onílé-sí-ilé, àpótí tí wọ́n ń fi wáyà fa ohùn wọ inú ilé, ti wọ Èkó láti December 1935, ó dé Ìbàdàn ní 1939, ṣùgbọ́n 1959 sí 1960 tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá tẹlifíṣọ̀n WNTV àti rédíò WNBS sílẹ̀ n'Ìbàdàn ni ilẹ̀kùn ṣí fún òǹkọ̀wé Yorùbá, torí sítéṣọ̀n yẹn nílò ọ̀rọ̀ Yorùbá láràárọ̀ láalẹ́, kò sì lè máa fi àwo orin nìkan kún un. Adébáyọ̀ Fálétí wọ ibẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ ní sítéṣọ̀n, ó ń kọ ewì, ó ń kọ ìtàn, ó ń kọ eré, ó padà di ọ̀gá ní ilé iṣẹ́ rédíò ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Baṣọ̀run Gáà tó jáde ní 1972, tí àwọn ọmọ iléèwé kà kà kà, ẹ ka á sókè kẹ́ ẹ gbọ́, ẹ máa mọ̀ pé ẹni tó mọ bí ohùn ṣe ń rìn lórí afẹ́fẹ́ ló kọ ọ́. Owó oṣù ló ń gbà, ìyẹn sì fún un láyè láti kọ ohun tó máa pẹ́, kò nílò kó sáré kọ ohun tó máa tà lọ́la.

Látàrí rédíò yẹn náà ni Láńrewájú Adépọ̀jù àti Ọlátúnbọ̀sún Ọládàpọ̀ ṣe dìde. Ewì ni tiwọn, kì í ṣe eré lásán, àmọ́ ẹ̀kọ́ kan náà ni. Rédíò sọ wọ́n di ẹni tí gbogbo ilé mọ ohùn ẹ̀, owó rédíò ò sì tó nǹkan, ni kálukú wọn bá dá ilé iṣẹ́ àwo-orin tiẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń ta ohùn yẹn fúnra wọn. Rédíò fún wọn lórúkọ, àwo fún wọn lóúnjẹ. Ẹni tó bá ń retí kí rédíò ṣe méjèèjì, á jókòó pẹ́.

Ẹ̀gbẹ́ kẹta, àwọn olùkọ́. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ṣì jẹ́ ọmọ yunifásítì n'Ìbàdàn nígbà tó kọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà, ìwé náà jáde ní 1970, lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ eré Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá gbé e kiri, ó di fíìmù, ó di ìwé kíkà níléèwé. Ìwé kan ṣoṣo, ọ̀nà mẹ́rin ló gbà jáde, ọmọwé tó ní iṣẹ́ lọ́wọ́ sì ni ẹni tó kọ ọ́ ní gbogbo àsìkò yẹn. Wálé Ògúnyẹmí náà wà ní yunifásítì yẹn, ní ẹ̀ka tó ń ṣèwádìí nípa ilẹ̀ Áfíríkà, ó ń kọ fún ìtàgé, fún rédíò, fún tẹlifíṣọ̀n, Láńgbòdó ẹ̀ ni Nàìjíríà gbé lọ sí FESTAC 1977, àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú.

Torí náà, jọ̀ọ́, má fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó o fẹ́ gbọ́ kọ́ nìyẹn. Àmọ́ iléèwé yẹn fún ẹ ní gbọ̀ngàn, ó fún ẹ ní ọmọ ogójì tó lè ṣeré láìgbowó, ó fún ẹ ní àwọn òbí tó máa wá wòran, ó fún ẹ ní hólídè lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún. Ògúnmọ́lá ò ní tó bẹ́ẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀.

Kí n sì tètè sọ èyí: má gbìyànjú láti ṣe bíi Ògúndé pátápátá, kó o ra bọ́ọ̀sì kó o máa gbé eré láti ìlú dé ìlú. Nígbà tó fi máa di 1980 ẹgbẹ́ alárìnkiri Yorùbá ti lé ní ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n ọrọ̀ ajé dojú rú, ìyẹn náà ló gbé SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ti ìjọba, wá ní 1986, mọ́tò wọ́n, ẹ̀yà ara mọ́tò wọ́n, àwọn èèyàn ń bẹ̀rù àtijáde lálẹ́, fídíò sì wọlé, kálukú jókòó sílé ó ń wòran. Àwọn tó gbọ́n sáré bọ́ sí fíìmù. Àwọn tí kò rí owó fíìmù ká ṣọ́ọ̀bù wọn. Ohun tó kù lónìí fún ẹni tó wà ní ìlú bíi tìẹ ni eré tí ẹnì kan ti sanwó ẹ̀ kó tó wáyé: ọjọ́ ìlú, ọgọ́rùn-ún ọdún ṣọ́ọ̀ṣì, ọjọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde iléèwé, ìwúyè. Àwọn àjọ ìlera náà máa ń gbé eré rédíò síta nípa ìfètò-sọ́mọ-bíbí tàbí àjẹsára, owó tibẹ̀ máa ń dáa, àmọ́ wọ́n á fi ọ̀rọ̀ ìmọ̀ràn kún ẹnu àwọn ẹ̀dá inú eré ẹ títí wọn ò fi ní dà bí èèyàn mọ́. Gbà á, ṣe é, kó o jà díẹ̀ fún àwọn ẹ̀dá ẹ.

Ó yá, ẹ̀yìn ìyẹn lọ̀rọ̀ ìtàgé àbí rédíò. Méjèèjì. Àmọ́ kì í ṣe eré kan náà lo máa gbé fún méjèèjì, ibi tí mo ti máa ń rí i tí ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń fi ìwé ránṣẹ́ sí mi ṣìnà nìyẹn. Wọ́n á kọ eré ìtàgé, wọ́n á pa "ó wọlé, ó jókòó" rẹ́, wọ́n á ní eré rédíò nìyẹn.

Ẹni tó ń gbọ́ rédíò ń ṣe nǹkan míì. Ó ń ro àmàlà, ó ń wa ọkọ̀, ó ń rán aṣọ. Tí ohùn ìpè ọmọ bá gba etí ẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, kò lè sọ pé kẹ́ ẹ padà sẹ́yìn. Torí ìdí èyí, ohunkóhun tó bá gbé ìtàn rù, tí ẹni tó bá pàdánù ẹ̀ ò ní lóye mọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, lọ́nà méjì tó yàtọ̀, láti ẹnu èèyàn méjì. Ká ní Àjàyí ti ta ilẹ̀ bàbá wọn, kí Àjàyí fúnra ẹ̀ jẹ́wọ́ ẹ̀ fún ìyàwó ẹ̀, tó bá yá kí aládùúgbò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Lórí ìtàgé ìyẹn á sú èèyàn. Lórí rédíò òun ló ń dì í mú.

Orúkọ. Láàárín gbólóhùn mẹ́ta àkọ́kọ́ tí ẹnì kan bá sọ, kí ẹlòmíì ti dárúkọ ẹ̀, Yorùbá sì ṣeun fún wa níbí torí kò sí bá a ṣe ń kí èèyàn tí a ò ní pe oyè ẹ̀ tàbí orúkọ ọmọ ẹ̀ tàbí oríkì ẹ̀. "Ìyá Bọ́lá, ẹ ǹlẹ́ o." Olùgbọ́ ti mọ̀ pé obìnrin ni, pé ó ti bímọ, pé ẹni tó ń kí i kéré sí i tàbí ó ń bọ̀wọ̀ fún un. Gbólóhùn kúkúrú yẹn ti ṣiṣẹ́ tí aṣọ àti ìrìn máa ṣe lórí ìtàgé. Àwọn tó ń kọ eré rédíò lédè Òyìnbó máa ń wá ọgbọ́n tí wọ́n á fi ki orúkọ bọ inú ọ̀rọ̀, àwa ò nílò ẹ̀, ìkíni wa ti ṣe é tán.

Má jẹ́ kí ohùn ju mẹ́rin lọ nínú ìran kan, kó o sì rí i pé ohùn wọn ò jọra: bàbá arúgbó, ọmọdébìnrin, ọkùnrin tó ń kánjú, obìnrin tó máa ń fa ọ̀rọ̀. Tó o bá kó ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta tí ọjọ́ orí wọn kò jìnnà síra sínú ìran kan, wọ́n ti di ẹyọ ẹnì kan létí olùgbọ́. Lórí ìtàgé ẹ̀wẹ̀, ogún èèyàn lè wà níbẹ̀, kò sí wàhálà, ojú ń yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ariwo àyíká náà, má ṣe àṣejù. Mo ti ka ìwé eré rédíò kan tí adìyẹ kọ, ajá gbó, ọlọ ń lọ̀, ọ̀kadà kọjá, gbogbo ẹ̀ lójú ewé àkọ́kọ́. Yan ọ̀kan péré tó máa sọ ibi tá a wà, kí ó dún, kí ó lọ sílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ lè gun orí ẹ̀. Ọlọ tó ń lọ̀ ti sọ pé ẹ̀yìnkùlé ni, pé àárọ̀ tàbí ọ̀sán ni, pé obìnrin ló wà níbẹ̀. Tó o bá fẹ́ kọjá láti ìran kan sí òmíràn, ìlù dùndún ni mo fẹ́ràn jù, torí ìlù tiwa lè sọ̀rọ̀, ó lè fi òwe kan ṣe àlàyé ìran tó kọjá tàbí kó fi halẹ̀ nípa èyí tó ń bọ̀. Bá onílù sọ̀rọ̀ kó o tó parí ìwé náà, má dúró di ọjọ́ tí ẹ fẹ́ gbà á sílẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ sì rèé, lórí ìtàgé o lè dákẹ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá kí gbogbo gbọ̀ngàn máa wo omijé lójú òṣèré, tó o bá ṣe é lórí rédíò, wọ́n á rò pé NEPA ti múná lọ ní sítéṣọ̀n.

Àkókò: ààyè ìdajì wákàtí lórí rédíò kì í ṣe ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Tó o bá yọ ìpolówó àti orin ìbẹ̀rẹ̀ àti ìkíni kúrò, bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló kù. Wọ́n máa ń fojú bù ú pé ojú ewé kan jẹ́ ìṣẹ́jú kan, má gbára lé e, gbé fóònù ẹ síwájú kó o ka gbogbo ẹ̀ sókè pẹ̀lú ẹnì kan, kó o wo aago. Kó o sì fi àmì sórí gbogbo ọ̀rọ̀, gbogbo ẹ̀ ni mo sọ. Òṣèré rédíò lè rí ìwé náà ní wákàtí kan kí wọ́n tó gbà á sílẹ̀, tí kò bá sí àmì, á ka ọ̀rọ̀ sí ibi tí kò fẹ́, tí ọ̀gá tó ń gba ohùn bá ti sú, wọ́n á jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀.

Ìtàgé ní òfin tiẹ̀. Àwọn èèyàn wa máa ń pẹ́ dé, gbogbo wa la mọ̀. Àwọn àgbà mọ̀ ọ́n náà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orin àti ijó tí wọ́n ń pè ní opening glee, wọ́n á kọrin, wọ́n á jó, wọ́n á kí àwọn èèyàn pàtàkì, wọ́n á fi orin sọ ẹ̀kọ́ tó wà nínú eré náà, lásìkò yẹn ẹni tó pẹ́ ti rí àga. Àwọn ọmọ ìwòyí ti yọ ọ́ kúrò pé ó ti di ti àtijọ́, wọ́n wá ń bínú pé ìdajì èrò ò mọ bí ìtàn ṣe bẹ̀rẹ̀. Dá a padà. Kí ohunkóhun tó ṣe pàtàkì má ṣẹlẹ̀ kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó kọjá.

Ohun tí ìtàgé ní tí rédíò ò ní ni ara. Ronú nípa Ọba Kòso tí Dúró Ládiípọ̀ gbé jáde l'Óṣogbo ní 1963, tí wọ́n gbé lọ sí àjọ̀dún ìlú Berlin ní 1964, níbi tí ọ̀pọ̀ èrò ò ti gbọ́ Yorùbá rárá. Bàtá, dùndún, aṣọ Ṣàngó, iná, ijó. Gbé ìwé eré yẹn lásán fún rédíò, ewì ẹ̀ á dùn, ìlù á dùn, àmọ́ ohun tó mú àwọn ará Jámánì dìde á ti kù sílé. Ìdàkejì ẹ̀ ni The Village Headmaster ti Ṣẹ́gun Olúṣọlá, orí rédíò ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1958 kó tó di ti tẹlifíṣọ̀n ní 1968. Nígbà tó fi máa di pé ojú rí wọn, etí ti mọ irú èèyàn tí kálukú jẹ́. Ọ̀nà yẹn ni mo rò pé ó dáa fún ẹ: kọ́kọ́ kọ eré rédíò kékeré tó ní ẹ̀dá mẹ́rin márùn-ún tó ń padà wá lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, jẹ́ kí Ìkọ̀lé àti Ọ̀yẹ́ àti Adó mọ ohùn wọn, lẹ́yìn náà kó o wá gbé wọn bọ́ sórí ìtàgé nínú ìtàn tuntun. Àwọn èèyàn á sanwó láti wo ojú ẹni tí wọ́n ti ń gbọ́ ohùn ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ èdè wá ńkọ́? Èrò tèmi nìyí, ẹlòmíì lè jà mí níyàn. Fi Yorùbá tí gbogbo èèyàn gbọ́ ṣe egungun eré náà, kó o fi Èkìtì sí ẹnu àwọn tó bá wà nílé, tó ń bínú, tó ń gbàdúrà, tó ń sọ̀rọ̀ ìfẹ́. Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé gan-an náà nìyẹn, èèyàn á bá ọ̀gá iléèwé sọ Yorùbá gbogbogbòò, tó bá dé ọ̀dọ̀ ìyá ẹ̀ ó di "ulé" àti "uṣu". Olùgbọ́ á mọ̀ lọ́gán pé ọ̀rọ̀ ti dé ibi tó dé. Ohun tí mi ò fẹ́ ni èyí tí wọ́n ń ṣe nínú fíìmù, tí ẹni tó bá ń sọ Èkìtì tàbí Ìjẹ̀bú tàbí Ẹ̀gbá á ti di ẹni tí a fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́ kó tó ya ẹnu. Fún ọba ní Èkìtì, fún dókítà ní Èkìtì, kí aláìgbọ́n máa sọ Yorùbá ìwé. Kìkì tó bá di pé o fẹ́ kí ìwé náà di ìwé kíkà níléèwé ni o máa fọwọ́ mú un díẹ̀, torí àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí láti 1974 ni àwọn olùyẹ̀wò máa wá, bẹ́ẹ̀ ìwé tó wọ iléèwé ni ohun ìní tó pẹ́ jù tí òǹkọ̀wé eré lè ní ní ilẹ̀ yìí. Òun nìkan ló máa ń tà nígbà tí o bá ń sùn.

Èyí náà ló jẹ́ kí n máa ranrí pé kó o kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Oyin Adéjọbí, ọ̀gá ńlá l'Óṣogbo, tó fi ìtàn ayé ara ẹ̀ ṣe Orogún Adédigba, tó ṣe Kóòtù Aṣípa lórí tẹlifíṣọ̀n, ọ̀pọ̀ eré ẹ̀ ni kò ní ìwé, orí àti ẹnu àwọn òṣèré ni wọ́n wà. Karin Barber àti Báyọ̀ Ògúndíjọ ló gba mẹ́ta sílẹ̀, tí wọ́n kọ ọ́ jáde, tó di ìwé ní 1994. Mẹ́ta péré o, nínú gbogbo iṣẹ́ ọ̀gá yẹn.

Ọ̀rọ̀ sítéṣọ̀n: oríṣi àdéhùn méjì ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́, sítéṣọ̀n fúnra wọn ló gba eré lọ́wọ́ ẹ, wọ́n san owó kékeré kan tàbí kí wọ́n má san nǹkan kan. Ìkejì, ìwọ lo ra àkókò lórí afẹ́fẹ́, o wá ẹni tó fẹ́ polówó ọjà, alágbo, onílé-ẹ̀kọ́, oníṣòwò ilẹ̀, o fi owó wọn san ti sítéṣọ̀n, èyí tó bá kù jẹ́ tìẹ. Ìkejì le, ó ní ìrìn-àrìnkiri, alágbo á fẹ́ kí bàbá inú eré mu agbo òun ní ìran kẹta, àmọ́ nínú ìkejì ìwọ lo ni eré. Fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àkọ́kọ́, má pẹ́ níbẹ̀. Máa fi ohùn tó o gbà sílẹ̀ sórí YouTube àti WhatsApp náà lẹ́yìn tó bá ti jáde lórí rédíò, ọmọ Èkìtì tó wà ní London tí kò gbọ́ ohùn ilé fún oṣù mẹ́fà, ìyẹn gan-an ni èrò ẹ.

Òfin wá wà lẹ́yìn ẹ ju bó o ṣe rò lọ. Ìwé eré, tó fi mọ́ ti rédíò, wà lábẹ́ òfin copyright ti Nàìjíríà, èyí tuntun ni ti 2022, ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé sì wà fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀ àti àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú ẹ̀. Torí náà tó o bá fẹ́ sọ ìwé Fálétí, tó kú ní 2017, di eré rédíò, ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí ẹ̀ lo máa lọ o, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ẹ pé ìwé àtijọ́ ni. Ohun tó kàn ẹ́ jù ni pé kò sí ẹni tó lè sọ pé o ti gbé ẹ̀tọ́ ẹ fún òun pátápátá láìsí ìwé tó o fọwọ́ sí. Ẹnu lásán ò gbé e. Sítéṣọ̀n tó gbé eré ẹ jáde lẹ́ẹ̀kan, ìyọ̀ǹda láti gbé e jáde ni wọ́n gbà, eré ṣì jẹ́ tìẹ, o lè gbé e fún ẹlòmíì lọ́la.

Ó wá ku ti rédíò tó lo eré ẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Má bá wọn jà, ìlú ò tóbi tó bẹ́ẹ̀. Kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ètò wọn, ojú ewé kan, kó o dúpẹ́ pé wọ́n dárúkọ ẹ, kó o kọ orúkọ eré náà àti ọjọ́ tó jáde, kó o sọ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lo yọ̀ǹda, pé tí wọ́n bá fẹ́ tún gbé e jáde kẹ́ ẹ jọ sọ̀rọ̀ owó. Kó o fi kún un pé o ní eré alátẹ̀léra mẹ́tàlá nílẹ̀, kí o má sì parọ́, kọ mẹ́fà ó kéré tán kó o tó fi lẹ́tà náà ránṣẹ́. Tí wọ́n bá ní àwọn ò lówó, béèrè fún nǹkan míì: kí wọ́n fún ẹ ní ẹ̀dà ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, èyí tó mọ́, pẹ̀lú ìwé pé o lè lò ó bó o ṣe fẹ́, kí wọ́n sì fún ẹ ní ìṣẹ́jú kan nínú ètò kọ̀ọ̀kan láti polówó eré orí ìtàgé ẹ. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ètò á gbà bẹ́ẹ̀ kíákíá torí kò ná wọn ní nǹkan kan.